Ìtẹ́ Ẹga Lórí Ọ̀pẹ Pius

Pius kì í ṣe ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bá a lórí ọ̀pẹ ní Ajue, ẹ má rò pé ẹyìn ló ń kọ. Ẹyẹ ló ń wò. Ọ̀pẹ kan wà lódìkejì títì sí ilé rẹ̀ tí àwọn ẹga ti sọ di ìlú. Àgbẹ̀ mìíràn ì bá ti lé wọn, torí ẹga a máa ya imọ̀ ọ̀pẹ jákujàku. Pius fẹ́ràn wọn bí ọmọ. Ọmọ́wùmí ìyàwó rẹ̀ a máa ní bí ẹga bá mọ ọbẹ̀ sè ni, òun ì bá ti kó jáde nílé ọkọ.

Lọ́dún tí sójà gbàjọba, tí ọṣẹ àti mílíìkì di ohun tí à ń tò fún ní Ore, wọ́n ṣòfin pé láàárọ̀ Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, kí kálukú jókòó sílé kó gbálẹ̀. Pius gbàgbé. Ẹyẹ ò kúkú mọ Sátidé. Ó ti wà lórí igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ, ó fara rọ jẹ́ẹ́, ó ń wo bí àwọn ẹga ṣe ń fi kòkòrò bọ́ ọmọ, ni ọkọ̀ sójà bá dúró sábẹ́ ọ̀pẹ gan-an.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n na Adégbóyè aládùúgbò rẹ̀ tí ojú rẹ̀ kan fi fọ́, torí pé ó jáde lọ ra oògùn lọ́jọ́ ìgbálẹ̀. Ẹ̀rù ba Pius. Ó fara pamọ́ sáàárín imọ̀, apá rẹ̀ kan ìtẹ́, àwọn ẹga bá bú sígbe.

Sójà kan gbójú sókè. "Ejò ló wà níbẹ̀ yẹn." Ọmọ oko lòun náà, ó mọ̀ pé bí ẹga bá ń ké báyẹn, ejò ti fẹ́ gbé ọmọ wọn. Ó na ìbọn sókè.

Bí Pius bá dákẹ́, ikú ejò ni yóò kú. "Ènìyàn ni mí, ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yìnbọn."

"Kí lò ń ṣe lókè lọ́jọ́ ìgbálẹ̀?"

"Ẹyẹ ni mò ń wò, sà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wọn ní kó gbálẹ̀ tirẹ̀ níbẹ̀: kó gé gbogbo ìtẹ́ náà dànù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìbọn á dún.

Pius yọ àdá. Ó gé ti àkọ́kọ́, ọmọ ẹga tí kò tíì hùyẹ́ já bọ́ sórí títì. Àwọn ìyá wọn ń fò yí orí rẹ̀ ká, igbe wọn ò jẹ́ kó gbọ́ ohun mìíràn. Ó ń sunkún, ó ń gé, kò jẹ́ wo ìsàlẹ̀. Nígbà tí kò ku ìtẹ́ kan mọ́, ó tó gbójú wolẹ̀. Kò sí ọkọ̀ kankan níbẹ̀.

Ọmọ́wùmí tó ń yọjú lójú fèrèsé sọ fún un pé kò tíì gé ju mẹ́ta lọ tí wọ́n ti wakọ̀ lọ. Ó ní ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí òun pè é.