Akìíṣẹ́jú àti Omijé Inú Ìgò

Akìíṣẹ́jú ni àwọn oníbàárà ń pe ọkọ mi. Tó bá ti jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára abẹ́rẹ́. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Nígbà tí awọ funfun bo ẹyin ojú rẹ̀, dókítà bá a ṣí i kúrò. Ilé tún mọ́lẹ̀ kedere. Ó ní òun ò mọ̀ pé mo ti hewú tó báyìí. Mo ní kó lọ gba awọ náà padà.

Ṣùgbọ́n tó bá ránṣọ díẹ̀, ojú á máa ta á bíi pé iyanrìn wà níbẹ̀, omi á sì máa bọ́. Tíṣà kan tó wá gba ṣòkòtò bá a níbi tómi ti ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó rò pé ọkọ mi ti fi áyọ́ọ̀nù jó aṣọ òun ni, ló bá kó gbogbo aṣọ tó ti kó wá lọ. Ó dun ọkọ mi dé egungun. Ó ní bó bá ń lọ báyìí, òun á ta ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rù bà mí gan-an, torí n kò mọ irú ẹni tó máa jẹ́ láìsí ẹ̀rọ náà.

A padà sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó ní, "Bàbá, ojú yín gbẹ."

"Ojú tó ń ṣàn yìí?"

"Torí ó gbẹ ló ṣe ń sunkún. Ẹ máa kán oògùn yìí sí i, bí omijé ló ṣe rí. Kẹ́ ẹ sì máa ṣẹ́jú dáadáa tẹ́ ẹ bá ń ránṣọ."

Bí ọkùnrin tí n kò rí omijé rẹ̀ rí ṣe di ẹni tó ń ra omijé inú ìgò nìyẹn. Èmi ni mò ń kán an fún un. Màá fọwọ́, màá fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀, n kò sì ní jẹ́ kí ẹnu ìgò kan ojú. Kíkán ò le, ṣíṣẹ́jú gan-an niṣẹ́. Ìyá oníbúrẹ́dì gbé aṣọ wá, ló bá yọ́ wá bá mi lẹ́yìnkùlé.

"Ẹ má bínú o, ìyá. Bàbá ń ṣẹ́jú sí mi."

"Nọ́ọ̀sì ló ní kó máa ṣe é."

Kò gbà mí gbọ́.

Lánàá, tíṣà kó aṣọ rẹ̀ padà wá. Ọkọ mi fi ẹnu tọ́ òwú, ó sì tì í bọ ojú abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Omi kankan ò bọ́ lójú rẹ̀. Tèmi ló ń bọ́.

"Kí ló dé?" ó bi mí.

"Ojú ló gbẹ," mo ní.

Ó wò mí, ó wá ṣẹ́jú, ojú kan péré. Nọ́ọ̀sì ò sọ ti ojú kan fún wa.