Ẹrẹ̀ Inú Bẹ́líìtì

Òórùn kàfúrà ló kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà, kí n tó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé. Wọ́n tún so ìgò lọ́fínńdà kékeré kan mọ́ dígí iwájú, olómi aláwọ̀ ewé, oòrùn ọ̀sán sì ti sè é títí tó fi ń ha èèyàn lọ́fun. Ìwọ náà dàgbà sí Ìlaròó, o mọ ohun tí òórùn ọkọ̀ tòkunbọ̀ jẹ́ sí wa. Nígbà tí a wà ní kékeré, bí ẹnikẹ́ni ládùúgbò bá gbé ọkọ̀ dé láti Kùtọ́nu, gbogbo wa la máa ń sáré lọ ti imú bọ fèrèsé rẹ̀, a ó máa fà á símú bí ẹni pé ìlú òyìnbó gan-an la dé. Àwọn bàbá wa pàápàá, òórùn yẹn ni wọ́n fi ń mọ ojúlówó. Wọ́n á ṣílẹ̀kùn, wọ́n á fa imú lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á mi orí, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́, tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní sáyẹ́ǹsì, irú imú yẹn náà ni mo gbé lọ síbi tí mo ti fẹ́ ra ọkọ̀ fún ìdílé mi. Tí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, ojú máa ń tì mí.

Nítorí Màámi ni mo ṣe fẹ́ ra ọkọ̀. Jógà-Orílé ni wọ́n ń gbé, orúnkún méjèèjì ń yọ wọ́n lẹ́nu, ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú wọn sì wà l'Abẹ́òkúta. Lóṣooṣù ni mo máa ń gbé wọn sẹ́yìn ọ̀kadà dé ojú títì, tí màá tún rọra tì wọ́n wọ inú ọkọ̀ èrò tí wọ́n ti há èèyàn mẹ́rin sí ẹ̀yìn. Mo tún ní ìyàwó, mo ní ọmọ mẹ́ta. N kò wá jíìpù olówó ńlá, n kò sì fẹ́ àwọn ọkọ̀ kékeré tí orúnkún ẹni máa ń kan àgbọ̀n nínú wọn. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó mọ níwọ̀n ni mo ń wá, èyí tí Màámi á lè na ẹsẹ̀ wọn lẹ́yìn rẹ̀, tí búùtù rẹ̀ á gba àpò gàárì méjì tí a bá ń ti Jógà bọ̀.

Mo ní ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ń ta ọkọ̀ lójú ọ̀nà tó jáde láti Ìlaròó lọ sí Òkè-Ọ̀dàn. Gbogbo ẹbí ló ń fi í yangàn. Mo pè é, mo sọ fún un pé èmi àti mẹkáníìkì kan ń bọ̀ wá wo ọkọ̀. “Mẹkáníìkì kẹ̀?” ló wí. “Àbúrò, ṣé olè ni mí ni?” Ìwọ náà mọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá mú àjèjì wá yẹ ọjà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò, ó ti pè é lólè nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà á dé ìpàdé ẹbí, wọ́n á sì máa fi rán an létí níbi gbogbo ìsìnkú tí wọ́n bá ti pàdé. Bí mo ṣe bẹ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, tí mo sì sọ fún mẹkáníìkì náà pé kó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Màámi nìkan ni mo mú dání, kí wọ́n lè jókòó sí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà wò bóyá ó máa gba orúnkún wọn.

Pọ́nmọ ni ẹ̀gbọ́n mi ń jẹ nígbà tí a dé. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màámi pẹ̀lú pọ́nmọ lẹ́nu, ó dìde, ó fi ọwọ́ tó kún fún epo gbá òrùlé ọkọ̀ náà, àmì ìka márààrún sì dúró síbẹ̀. Ọkọ̀ náà rẹwà, n kò ní purọ́ fún ọ. Aláwọ̀ eérú ni, ó ń dán, kò sí ibi tó tẹ̀ lára rẹ̀, ìwé tí wọ́n kọ Faransé sí ṣì wà lára dígí rẹ̀. “Ìyá òyìnbó kan ló lò ó,” ẹ̀gbọ́n mi wí, ó ti ń fi igi tayín. “Ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló ń gbé e lọ.” Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti fọ ẹ́ńjìnnì náà débi pé èèyàn lè jẹun lórí rẹ̀, ó sì yẹ kí ìyẹn ti ta mí lólobó, torí ẹ́ńjìnnì tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan kì í mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo wà á lọ, mo wà á bọ̀. Gíà ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ́ẹ̀sì ń tutù, a bọ́ sí kòtò kan, n kò gbọ́ ìró kankan lábẹ́ rẹ̀. Mo fa imú. Kàfúrà ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi pé nítorí kòkòrò ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀. Mo ti ń rí ara mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí mo ń ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn fún Màámi, tí àwọn èèyàn ń wò wá.

Màámi wọ ẹ̀yìn lọ, ẹsẹ̀ wọn nà dáadáa, inú wọn sì dùn. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló wá tú àṣírí ara rẹ̀. “Màmá, ẹ fa bẹ́líìtì yẹn wò,” ó wí. “Kì í há rárá.” Màámi kò lo bẹ́líìtì rí láyé wọn. Wọn kò mọ̀ pé èèyàn kàn ń fà á kọjá ikùn ni, kó sì há a. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fà á bí ẹni ń fa omi kànga, ọwọ́ kan ń tẹ̀lé èkejì, ó ń jáde, ó ń jáde, ó ń ká jọ sórí itan wọn. Apá àkọ́kọ́ dúdú, ó ń dán. Nígbà tó yá, ó yí àwọ̀ padà, ó pupa rúsúrúsú, ó le gbagidi, ẹrẹ̀ gbígbẹ sì ń já bọ́ lára rẹ̀ sórí bùbá funfun tí wọ́n wọ̀. Òórùn kan gòkè wá tí kàfúrà kò lè bò mọ́lẹ̀, òórùn ìdí àmù tí wọn ò fọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Màámi fi ìka méjì fọ́ ẹrẹ̀ náà, wọ́n gbé e sí imú. Ẹ̀bá odò ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ oko ní gbogbo ìgbà tí ara wọn ṣì le, kò sí ohun tí mẹkáníìkì kan fẹ́ kọ́ wọn nípa ẹrẹ̀. “Ẹrẹ̀ odò nìyí,” wọ́n wí jẹ́jẹ́. “Báwo lodò ṣe wọ inú mọ́tò?” Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ó ní eruku ojú ọ̀nà ni. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pọ́nmọ yẹn nu bùbá ìyá mi, epo wá dà pọ̀ mọ́ ẹrẹ̀.

Mo ká káàpẹ́ẹ̀tì abẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ sókè. Fóòmù abẹ́ rẹ̀ ṣì tutù. Irin ìdí àga ti dípẹtà, horo kàfúrà sì fọ́n káàkiri síbẹ̀ bí èyí tí wọ́n ń sọ sí ilé ìgbẹ́. Láàárín wọn ni mo ti rí ìkarahun ìgbín kékeré kan, kò tóbi ju èékánná lọ. Omi ti bo ọkọ̀ yìí dé àyà níbi tó ti wá. Wọ́n fà á jáde, wọ́n sá a gbẹ, wọ́n kùn ún, wọ́n gbé e wá fún wa kí a máa kó ọmọ sí i. Wáyà inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ á máa jẹrà díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ tó bá wù ú ló máa kú mọ́ èèyàn lọ́wọ́, ì báà jẹ́ lórí eré. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi tó ń tayín, ọkùnrin tó gbé mi jó lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, mo sì rí i pé ó mọ gbogbo rẹ̀.

Kí wá ni mo sọ? Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ó wuyì o. Ó kàn kéré díẹ̀ fún wa ni.” Mo tún dọ̀bálẹ̀, mo dágbére. Àwọn oníbàárà méjì dúró nítòsí, wọ́n gbọ́ ohun tí mo wí, ẹnu mi kò sì là sí wọn.

Nínú ọkọ̀ èrò tó gbé wa padà, Màámi ń fi ìtọ́ nu ẹrẹ̀ náà kúrò láṣọ, kò sì lọ. “O ò bá a wí,” wọ́n wí. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni. Nígbà tí a kọjá ọjà, wọ́n tún bi mí pé, “Ẹni tó máa wá rà á ńkọ́?” Mo ní Ọlọ́run á ṣọ́ wọn. Ìdáhùn tí mo fún ìyá mi nìyẹn, mo sì rò pé mo ti dáhùn.

Oṣù kan kò tíì pé lẹ́yìn náà tí ọkọ̀ aláwọ̀ eérú kan wọ ọgbà ilé ẹ̀kọ́ wa l'Ayétòrò, tó dúró sábẹ́ igi máńgòrò. Ìgò lọ́fínńdà aláwọ̀ ewé yẹn ni mo kọ́kọ́ rí. Obìnrin tó ń kọ́ni ní ìṣirò ló sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Èmi àti ẹ̀ ti jọ ń jókòó sídìí tábìlì kan náà láti ọdún mẹ́fà. Tó bá se mọ́ínmọ́ín, ó máa ń mú tèmi dání. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́nà jíjìn, òun nìkan ló ń gbé ọmọ wọn méjèèjì káàkiri. Àwọn olùkọ́ yòókù ti yí i ká, wọ́n ń bá a yọ̀, wọ́n ń gbàdúrà. Ó já ara rẹ̀ gbà, ó wá bá mi, inú rẹ̀ ń dùn.

“Ẹ wá jókòó sínú ẹ̀, sà,” ó wí. “Ẹ̀gbọ́n yín ló tà á fún mi. Wọ́n ní ẹ̀yin àti Màmá ti wá yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀, pé ó kàn kéré fún yín ni. Mo ní tí ẹ̀yin bá ti lè yẹ̀ ẹ́ wò, kí ni mo tún ń wá mẹkáníìkì fún?”

Mo jókòó síwájú nítorí n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Àwọn ọmọ náà wà lẹ́yìn, wọ́n ń du ẹ̀gbẹ́ fèrèsé mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Kàfúrà ń rùn. Iná pupa kan ń tàn, ó ń kú, lára dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ìgbà tí iná yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò tíì pẹ́, pé ọkọ̀ náà tiẹ̀ kú lójijì lánàá ní kọ́nà kan, tí tírélà sìmẹ́ńtì ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, ṣùgbọ́n awakọ̀ tírélà náà yà fún wọn. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ń gbọ́ ohùn Màámi nínú etí mi.

Mo yíjú sẹ́yìn, mo di bẹ́líìtì ẹ̀gbẹ́ ọmọ kékeré mú, mo sì fà á. Mo fà á títí tí kò fi sí ohun tó kù láti fà mọ́. Ẹrẹ̀ náà já bọ́ sórí yunifọ́ọ̀mù ọmọ náà. Ó fi ọwọ́ kàn án, ó fẹ́ ju díẹ̀ sẹ́nu, ìyá rẹ̀ sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ṣàlàyé fún un, omi, wáyà, ohun gbogbo. Ó gbọ́ mi dópin. Ó wo ẹrẹ̀ náà, ó wò mí. “Ṣé ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Kò pariwo. Ì bá tiẹ̀ dára kó pariwo. Ó tú gèlè rẹ̀, ó fi nu ọwọ́ ọmọ náà níka kọ̀ọ̀kan, ó ní, “Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀yin ọmọ.” Ojú tó fi wò mí nígbà tó ń kó wọn kọjá, ojú tí mo fi wo ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ pọ́nmọ yẹn ni.

Lọ́jọ́ kejì, mo bá obìnrin náà dá ọkọ̀ náà padà. Mo dúró láàárín oníbàárà ẹ̀gbọ́n mi, mo fa bẹ́líìtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síta, mo jẹ́ kí wọ́n gbé ẹrẹ̀ sí imú. Ẹ̀gbọ́n mi bú mi, ó bú ìyá mi, ṣùgbọ́n ojú ti pọ̀ jù, ó gba ọkọ̀ rẹ̀, ó sì dá owó obìnrin náà padà. Ìpàdé ẹbí dá mi lẹ́bi, bí mo ṣe rò. Wọ́n ní mo dójú ti ẹ̀gbọ́n mi láàárín ọjà, kò sì sí ẹnì kankan níbẹ̀ tó béèrè nípa tírélà. Títí di òní, bí mo bá kí i, kì í jẹ́ mi. Ìyẹn kò dùn mí rárá. Ohun tó ń dùn mí ni pé obìnrin yẹn ti gbé àga rẹ̀ lọ sídìí tábìlì mìíràn. Ó ń kí mi dáadáa láràárọ̀, ó ń pè mí ní sà.

Màámi ṣì ń wọ bùbá náà nílé. Àbàwọ́n yẹn wà níbẹ̀, ó ti ṣá díẹ̀. Bí mo bá rí i, ẹ̀gbọ́n mi kọ́ ni inú máa ń bí mi sí. Òun fi kàfúrà bo ẹrẹ̀ yẹn. Ọ̀wọ̀ ni èmi fi bò ó.