Òwú Gígùn Tí Mo Ń Fi Sí Abẹ́rẹ́ Bàbá

Láti Santasi títí dé Kejetia, kò sí méètì, kọ̀ńdọ́ ọkọ̀, tó tó mi. Ẹ lọ bèèrè. Trotro ò tíì dúró tí mo ti bọ́ sílẹ̀, mo ti pe èrò, mo ti gbowó ọkọ̀ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Mo fi ilé-ìwé sílẹ̀ torí tíṣà ń falẹ̀ jù fún mi. Wallahi. Ẹni tó bá wá rí mi lónìí, tí mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Alabar láti àárọ̀, tí mo ń rán fìlà, á ní orí mi ti dàrú. Abẹ́rẹ́ ló gún mi níka tí mo fi mú báírò kọ èyí, kí ọwọ́ sinmi díẹ̀.

Fìlà bàbá àgbà mi ni, bàbá tó bí ìyá mi. Òní ló pé ogójì ọjọ́ tí wọ́n kú.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá sí ilẹ̀ Asante níbí. Fìlà ni wọ́n ń fọwọ́ rán, wọ́n á fi òwú ṣe ọnà yí i ká. Kí n tó gbọ́njú dáadáa, ojú wọn ti ń ṣú. Wọ́n ṣì ń rán an o, wọ́n ní ìka àwọn mọ̀nà. Kí wọ́n ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ ni wọn ò lè ṣe mọ́. Iṣẹ́ mi nìyẹn láràárọ̀, kí n tó lọ síbi ọkọ̀.

"Ọkọ̀ tí ò ní búréèkì ti dé o!" Wọ́n á ti gbọ́ ẹsẹ̀ mi.

"Baba, ẹ mú abẹ́rẹ́ wá kíá, dírébà mi ti ń tẹ họ́ọ̀nù."

"Kó máa tẹ̀ ẹ́. Ṣé o ti jẹun?"

"Baba, abẹ́rẹ́!"

Abẹ́rẹ́ mẹ́wàá ló yẹ kí n ṣe. Àmọ́ mo gbọ́n. Mo ní tí òwú bá gùn, kò ní tètè tán. Ni mo bá ń gé e kó gùn ju apá mi méjèèjì lọ, abẹ́rẹ́ mẹ́ta, ó parí. Bàbá á fi ìka tọ òwú náà títí.

"Eléyìí gùn o."

"Kó lè pẹ́ fún yín ni, Baba."

"O ṣeun, ọmọ mi."

Mo ti fò jáde.

Ṣáájú ààwẹ̀, wọ́n fọwọ́ wọn orí mi, wọ́n ní èmi ni màá dé èyí tó kàn nígbà ìtúnu. Ìtúnu dé, fìlà ò parí. Mo ní, "Baba, ẹ̀rọ á ti ṣe ogún níbi tẹ́ ẹ ti ń ṣe ẹyọ kan." Mo lọ ra ti ẹ̀rọ ní Kejetia, mo dé e wá fún wọn. Wọ́n fọwọ́ kàn án lórí mi, wọ́n yí i sọ́tùn-ún, sósì.

"Ó dáa. Àmọ́ ẹ̀rọ ò mọ orí ẹ."

Wọ́n kírun àsùbáà tán lọ́jọ́ kan, wọ́n sùn padà, wọn ò jí. A sin wọ́n lọ́jọ́ yẹn gan-an. Dírébà mi, ọmọ Asante, bi mí lọ́jọ́ kejì pé ọjọ́ wo ni ìsìnkú. Mo ní a ti sin wọ́n.

"Ah, ntɛm saa? Kíá báyẹn? Bàbá ẹ náà ń kánjú bíi tìẹ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo ti lọ sunkún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, kó ẹrù Bàbá, wọ́n gbé fìlà yẹn fún mi. Ó ku ìbú ọwọ́ kan kí ọnà ẹ̀ pàdé. Abẹ́rẹ́ ṣì wà lára ẹ̀, pẹ̀lú òwú gígùn tí mo fi sí i. Mo ní mo máa parí ẹ̀, mo máa dé e síbi fídáù ogójì ọjọ́. Kí ló le níbẹ̀?

Mo rán an ẹ̀ẹ̀mẹta, òwú ta kókó. Mo tú u. Ó tún ta. Àǹtí mi ń wò mí.

"Bí Bàbá ṣe máa ń ṣe látàárọ̀ nìyẹn. Wọ́n á máa fi èékánná tú u, tú u. Mo ní kí n bá wọn gé e kúrú, wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀, ọmọ àwọn ló fi í síbẹ̀."

Mo gbé àlùmọ́gàjí tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀.

Òwú mìíràn, mo ń gé e kúrú báyìí. Èyí tí Bàbá fi sílẹ̀ lójú abẹ́rẹ́, mi ò gé e. Mo fi èékánná tú u títí mo fi lo òwú náà tán.

Ààfáà ti dé. Ó ṣì ku ìbú ìka méjì. Mo gbé e lé orí wò, ó bá orí mi mu gẹ́lẹ́. Màá dé e bẹ́ẹ̀. Àǹtí mi ń pariwo, "Ọkọ̀ tí ò ní búréèkì, ìwọ là ń dúró dè!" Ẹ jọ̀ọ́, mo ń lọ.