Ṣọ́ọ̀kì tí Ọmọ́wùmí fi Gbé Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Bí ẹ bá gbọ́ láyé ìgbà náà pé obìnrin kan lágídí ní Ìyànà Ìbà, Ọmọ́wùmí mẹkáníìkì ni wọ́n ń bá wí. Ó ti kọ́ṣẹ́ parí, ó ti ṣe fírídọ̀mù, ó sì ń dúró kí wọ́n fún òun ní ààyè ṣọ́ọ̀bù nínú ọgbà mẹkáníìkì nígbà tí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ oníbàárà kan já lù ú lọ́wọ́ òsì. Ọ̀pá tí wọ́n fi tì í ló yẹ̀. Ọwọ́ náà jinná, ṣùgbọ́n kò lè di nǹkan mú mọ́.

Òfin sì wà nínú ọgbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ gba ààyè, á kọ́kọ́ dá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lójú gbogbo ọ̀gá, á sì ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ láìpe ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ méjì ni ọ̀pá ń fẹ́: ọ̀kan á gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì, èkejì á ki ọ̀pá bọ ihò.

Bàbá Àlàní, alága wọn, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Ọmọ́wùmí, ó tó gẹ́ẹ́. Lọ máa ta ọ́ìlì lẹ́nu ọ̀nà.”

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà níbẹ̀ o, orí ọmọ ọlọ́mọ wọ́, wọ́n tún ní kó lọ máa ta ọ́ìlì.

“Mi ò ní í ta ọ́ìlì, Bàbá. Ní Ọjọ́bọ̀, mo máa ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.”

Inú bí i. Ó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tú ọkọ̀ ní Okokomáíkò, ó ra ṣọ́ọ̀kì búùtù méjì, irú èyí tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ máa ń ti búùtù sókè fúnra rẹ̀. Ó ní kí ajórin jó ìdè wọn mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ Dátsùn àlòkù òun. Ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, kò dé. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ gbàgà.

“Ọkọ̀ ẹ ń yán,” làwọn aládùúgbò ń wí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ọmọ́wùmí pòṣé. Búùtù wúwo ju bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ, agbára ṣọ́ọ̀kì méjì ti pọ̀ jù. Ó tú ọ̀kan dànù, bọ́nẹ́ẹ̀tì sì dé.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù tì fún ìmọ́tótó, àwọn ọ̀gá dúró yí Dátsùn ká. Ọmọ́wùmí fi ọwọ́ ọ̀tún gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì díẹ̀, ṣọ́ọ̀kì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e ròkè, ó dúró.

“Ìwọ kọ́ lo gbé e,” Bàbá Àlàní wí. “Irin ló gbé e. A ò kà á.”

“Bàbá, jáàkì ló ń gbé ọkọ̀ fún yín látọjọ́ yìí. Ta ló ní ẹ kì í ṣe mẹkáníìkì?”

Bàbá Àlàní sún mọ́ ọkọ̀. Ó tẹ orí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì láti wo ṣọ́ọ̀kì náà. Nínú ọgbà yẹn, bí ọ̀gá bá ti tẹ orí bọ ibẹ̀, ẹni tó bá wà nítòsí á gbọ́wọ́ ti bọ́nẹ́ẹ̀tì, nítorí kò sẹ́ni tó gbọ́kàn lé ọ̀pá. Ọwọ́ bíi márùn-ún nà sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

“Ẹ gbọ́wọ́ yín kúrò,” Ọmọ́wùmí wí.

Wọ́n wojú alága. Kò yọ orí. Wọ́n bá ń gbọ́wọ́ kúrò níkọ̀ọ̀kan. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ò mì.

Nígbà tí Bàbá Àlàní yọ orí, ó nu ojú. “Àwa àgbà á forí korí.”

“Ẹ máa forí korí, Bàbá.”

Ọmọ́wùmí ti mú sípánà, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Kò sẹ́ni tó gbọ́wọ́ ti bọ́nẹ́ẹ̀tì fún un, bọ́nẹ́ẹ̀tì sì dúró síbẹ̀.