Ta Ló Kọ́ Baba Mùsáfírù Níṣẹ́ Ọ̀dà?

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ta ni ọ̀gá tó kọ́ yín níṣẹ́?"

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Ọmọ́títí nígbà tó béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí gbolóhùn kan tó jáde lẹ́nu rẹ̀, á ti tò ó lẹ́ẹ̀mẹta nínú ọkàn rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, bó ṣe ń ti ilé-ẹ̀kọ́ bọ̀ ní Ibafo ló rí bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó sórí garawa ọ̀dà níwájú géètì ilé kan, tó ń pariwo mọ́ gbogbo ẹni tó bá ń kọjá pé, "Ilé yìí kì í ṣe títà o! Ẹ máa lọ o!"

Baba Mùsáfírù akunlé ni bàbá náà, kí Ọlọ́run fọ̀rùn kẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ ilé yẹn ni gbogbo Ibafo fi mọ̀ ọ́n. Opó kan, Alhaja Fàósátù, ló ni ilé. Bíi ti ọ̀pọ̀ ilé ládùúgbò náà, wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri iwájú pé ilé náà kì í ṣe títà, kí àwọn oníjìbìtì má baà tà á fún ẹni tí kò mọ̀. Alhaja ní kí Baba Mùsáfírù bá òun kun ilé náà. Baba kùn ún, ó ń dán gbinrin. Ó sì kun orí ìkọ̀wé pupa náà pọ̀ mọ́ ọn.

"Mùsáfírù, ìkọ̀wé mi dà?"

"Alhaja, ẹ wo bí ojú ilé yín ṣe mọ́ tó. Ẹ fẹ́ kí n tún bà á jẹ́?"

"Kí ló kàn mí pẹ̀lú ojú tó mọ́? Kọ ọ́ padà!"

"N kì í kọ nǹkankan sára iṣẹ́ mi, Alhaja. Ẹ kúkú ní kí wọ́n gé ọwọ́ mi."

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, èèyàn mẹ́ta ti wá láti ra ilé. Ẹnì kẹta tiẹ̀ mú téèpù dání, ó ń wọn yàrá ìdáná níbi tí Alhaja ti ń dín dòdò lọ́wọ́. Igbe tí Alhaja ké lọ́jọ́ náà, wọ́n ní wọ́n gbọ́ ọ dé Mowe. Baba Mùsáfírù kò jiyàn. Ó gbé garawa rẹ̀ wá, ó jókòó síwájú géètì, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe ìkọ̀wé náà fún odindi ọjọ́ mẹ́rin.

Níbẹ̀ ni Ọmọ́títí ti bá a. Ó wo ògiri náà títí, kò rí ibi tí búrọ́ọ̀ṣì ti bẹ̀rẹ̀, kò sì rí ibi tó ti dúró. Ìdí nìyẹn tó fi béèrè ọ̀gá rẹ̀.

Baba wò ó láti òkè délẹ̀. "Ọ̀gá mi? Ọkùnrin olójú kan báyìí ni, ní Ifọ̀. Imú ló fi ń mọ àwọ̀. Bí o bá gbé ọ̀dà síwájú rẹ̀ nínú òkùnkùn, á fa imú báyìí, á ní, 'Búlúù nìyí.'"

Ọmọ́títí délé, ó di ojú rẹ̀, ó sì ń fi imú gbọ́ òórùn gbogbo aṣọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òórùn ọṣẹ nìkan ló gbọ́.

Ó tún bi í lóṣù kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀gá náà ti di obìnrin ará Kútọnu kan tó ń fi ìyẹ́ adìyẹ kun fèrèsé. Nígbà tó di ọdún Iléyá, ó ti di ará Íńdíà kan tí kò sọ ọ̀rọ̀ kankan rí láyé rẹ̀.

"Bàbá, bí kò bá ń sọ̀rọ̀, báwo ló ṣe kọ́ yín?"

"Ìyẹn ló jẹ́ kó pẹ́."

Baba Mùsáfírù kì í dédé ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà. Bó bá dé ibi iṣẹ́, á kọ́kọ́ fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ògiri, á sì dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń sọ àṣírí fún. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Pásítọ̀ Ayọ̀wálé ní Mowe, nígbà tí àjọ̀dún wọn ku ọjọ́ mẹ́wàá, tí òjò ò sì dáwọ́ dúró.

"Pásítọ̀, ògiri yìí ò tíì gbẹ. Ọ̀dà ò ní í dúró lára rẹ̀."

"Baba, ìgbàgbọ́ làwa fi ń rìn níbí o."

"Ẹ máa fi rìn, Pásítọ̀. Kí ògiri ṣáà ti gbẹ."

Pásítọ̀ pe akunlé mìíràn. Lọ́jọ́ àjọ̀dún gan-an, bí àwọn akọrin ṣe ń jó, ọ̀dà ń ṣí lára ògiri ẹ̀yìn wọn bí èèpo iṣu tí wọ́n sè. Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ ló wá Baba wálé lọ́jọ́ Ajé. Baba dìde, ó tẹ́wọ́ gbà á tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Ẹ kú àjọ̀dún, sà. Ṣé ó ti gbẹ?"

Ìyàwó ilé kan tó ń jẹ́ Jamilah, ní Arepo, na fóònù sí i kó wo àwọ̀ tó ń wọ́pọ̀ nílé àwọn èèyàn ńlá. Baba wo fóònù náà, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Àwọ̀ eérú nìyí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Baba. Òun ló wà níta báyìí."

"Màdáámù, ilé tí kò jóná, ẹ fẹ́ kí n fi eérú kùn ún?"

Èyí tó ya Ọmọ́títí lẹ́nu ni pé, pẹ̀lú gbogbo àríyànjiyàn wọ̀nyí, kò sí oníbàárà kan tó lọ pátápátá. Wọ́n á bínú, wọ́n á ṣépè, wọ́n á tún padà wá. Kí ló wà nínú iṣẹ́ yìí ná? Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ gba ìsinmi gígùn, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun fẹ́ lọ kọ́ ọ.

"Iṣẹ́ ọ̀dà? Ìwọ ọmọbìnrin yìí? Lórí àkàbà?"

Baba Mùsáfírù ló wá bẹ̀ ẹ́. "Ìyá Títí, àkàbà ò mọ obìnrin yàtọ̀ sí ọkùnrin. Abẹ́ gbogbo wa ló ti ń mì."

Ní gbogbo ìsinmi àkọ́kọ́ náà, kò jẹ́ kó fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì. Ọmọ́títí ń fi pépà ha ògiri, ó ń gbálẹ̀, ó sì ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ògiri.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó tutù, Bàbá."

"Ó tutù bíi kí ni?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ń béèrè bẹ́ẹ̀. Bíi omi ni? Rárá. Bíi ewé ni? Rárá. Títí Ọmọ́títí fi ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa lọ́jọ́ kan, tó ní, "Ó tutù bí imú ajá." Baba rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìṣẹ́jú yẹn ló na búrọ́ọ̀ṣì sí i.

Ọdún márùn-ún ló fi kọ́ iṣẹ́ náà, láti ìsinmi dé ìsinmi. Bó ṣe ń múra ìdánwò àṣejáde, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ̀wọ́ ilé tuntun lẹ́yìn Mowe, wọ́n sì ń wá akunlé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ìwé fìrídọ̀mù láti ọwọ́ ẹgbẹ́ akunlé nìkan ni wọ́n fẹ́. Ibẹ̀ ni Ọmọ́títí fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀. Bí kò bá rí ìwé náà gbà, iṣẹ́ ti bọ́, ọdún márùn-ún rẹ̀ á sì dà bí eré lójú wọn.

Lọ́jọ́ ìpàdé, ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀, alága ẹgbẹ́, gbé fọ́ọ̀mù sílẹ̀. Orúkọ ọmọ iṣẹ́. Orúkọ ọ̀gá rẹ̀. Orúkọ ẹni tó kọ́ ọ̀gá rẹ̀, tó sì fún un ní fìrídọ̀mù.

Àwọn tó jókòó ti ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn. "Baba, ṣé olójú kan la máa kọ ni, àbí ará Íńdíà?"

Baba Mùsáfírù la ẹnu. Ó wo Ọmọ́títí, tó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ tí tíṣà fẹ́ nà. Ó pa ẹnu dé. Ó tún là á.

"N ò ní ọ̀gá."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé ìtàn ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó tún un sọ, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ẹ̀rín sì dá.

"Ta ló wá fún yín ní fìrídọ̀mù?" Alága béèrè.

"Kò sẹ́ni tó fún mi."

"Háà, Baba! Ẹni tí kò gbà á kò lè fún ẹlòmíràn. Òfin ẹgbẹ́ nìyẹn."

"Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi ń parọ́ láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí mọ iṣẹ́. Ẹ máà jẹ́ kí tèmi dí tirẹ̀ lọ́wọ́."

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ bọ́ síta lọ fikùn lukùn. Ọmọ́títí ń ka àmì ọ̀dà tó wà lára bàtà rẹ̀. Ó kà á dé mẹ́tàdínlógún kí wọ́n tó padà wọlé.

"Baba, ilé tí wọ́n bí mi sí, ẹ̀yin lẹ kùn ún," ni Alága wí. "A ò lè wí pé ẹ ò mọ iṣẹ́, a ò sì lè tẹ òfin lójú. Nítorí náà, ọmọ iṣẹ́ méjì ló máa gba fìrídọ̀mù lónìí."

Báyìí ni Baba Mùsáfírù, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, ṣe dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọmọ́títí tó kúnlẹ̀. Alága, tí kò ju ọmọ tí Baba lè bí lọ, gbé búrọ́ọ̀ṣì lé wọn lọ́wọ́, ó sì gbàdúrà fún wọn pé wọn ò ní í jábọ́ lórí àkàbà, pé wọ́n á rí oníbàárà gidi, pé wọ́n á fẹ́ ẹni rere sílé. Kò sí ẹni tí àmín rẹ̀ ròkè tó ti Baba. Èèyàn méjì ló gbé e dìde.

"Ẹ rọra o," ló ń sọ fún wọn, "ọmọ iṣẹ́ tuntun ni mí."

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà ló kú, nílé rẹ̀ ní Ifọ̀. Nígbà tí àwọn oníbàárà rẹ̀ péjọ, Alhaja Fàósátù ní olójú kan ló kọ́ ọ níṣẹ́, Pásítọ̀ Ayọ̀wálé ní ará Íńdíà ni, ọ̀rọ̀ náà sì fẹ́ẹ́ dìjà. Ọmọ́títí, tó ti ń kun ilé kẹrin rẹ̀ nígbà náà, nìkan ló mọ bó ṣe rí gan-an. Baba ti sọ ọ́ fún un nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ́jọ́ tí wọ́n ń ti ìpàdé ẹgbẹ́ bọ̀, láìjẹ́ pé ó tún béèrè.

"Ní Ifọ̀ ni. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí, mo ń kọjá lọ ní tèmi. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, ó ní, 'Jọ̀ọ́, bá mi dúró ti ẹrù mi, mo fẹ́ lọ jẹ ẹ̀wà.' N ò bi í ní orúkọ. Mo dúró títí, kò dé. Mo wá rí i pé búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti fẹ́ gbẹ. Mo ní bó bá gbẹ, á bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo bá tì í bọ ọ̀dà. Bí mo ṣe wá tì í bọ ọ̀dà tán, ó yẹ kí n nù ún síbì kan."

"Bàbá, kò padà wá rárá?"

"Kò tíì padà. Ìdí tó fi jẹ́ pé ògiri tó kọjú sí títì ni mo máa ń kọ́kọ́ kùn nìyẹn. Bó bá ń kọjá, kó lè rí mi, kí n fún un ní búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀."