Kẹ̀kẹ́ Tó Ń Bọ̀ Láti Tré

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Évariste fi jókòó sí ìdí tábìlì kan náà ní ọ́fíìsì ìlú ní Dassa, níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tuntun sílẹ̀. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí ní àgbègbè àwọn òkè wọ̀nyí láàárín àkókò náà, àfi àwọn tí bàbá wọn gbàgbé, ọwọ́ rẹ̀ ni orúkọ wọn gbà kọjá. Kò sí ìgbà kankan tí ẹnikẹ́ni yan òun fúnra rẹ̀ fún nǹkan kan. Nígbà tí ó wà ní ilé-ìwé, bí wọ́n bá fẹ́ mú àwọn tí yóò gbá bọ́ọ̀lù, òun ni wọ́n máa ń kó aṣọ lé lọ́wọ́. Ó mú aṣọ náà dáadáa. Ẹyọ kan kò sọnù.

Nígbà tí ó pé ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, nọ́ọ̀sì kan wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó wo ẹ̀rọ, ó tún un wọ̀n, ó wá bi í pé iṣẹ́ wo ni ó ń ṣe. Évariste sọ fún un.

"Ẹ dìde, bàbá," ni nọ́ọ̀sì wí.

Ó dìde.

"Rárá o. Mo ní kí ẹ máa dìde lójoojúmọ́."

Bí ó ṣe wọ ẹgbẹ́ eré mẹ́ta nìyẹn. Achille, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní eré ìdárayá, tí wọ́n sì ń pè ní Purọ́fù, ni ó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ fún àkókò ìsinmi gígùn, láti oṣù keje títí dé oṣù kẹsàn-án, nígbà tí òjò ti kún adágún tí wọ́n sé lẹ́yìn ìlú, tí koríko sì ti bo ẹsẹ̀ àwọn òkè. Gbogbo àárọ̀ Àbámẹ́ta ni wọ́n ń ṣe eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀léra wọn láìsinmi. Wọ́n á kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún. Wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ lọ sí abúlé Tré, wọ́n á yí i padà lábẹ́ igi mángòrò kan, wọ́n á sì gùn ún bọ̀ wá sí Dassa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ẹsẹ̀ sáré yí òkè kan po. Àwọn màlúù pẹ̀lú ń mu omi nínú adágún yìí, nítorí náà ẹni tó bá ń lúwẹ̀ẹ́ gbọ́dọ̀ máa gbójú sókè lóòrèkóòrè. Évariste kò mọ ìwẹ̀ kankan ju ti ajá lọ, orí rẹ̀ kì í wọ omi rárá. Achille ní kò burú, pé Évariste ni yóò máa bá wọn ṣọ́ màlúù.

Nígbà tí oṣù kẹjọ wọlé, Achille pe àwọn mọ́kànlá tí wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ jọ. Ó ní wọ́n fẹ́ ṣe ìdíje kan ní etí òkun, ẹni mẹ́rin ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò mú wá, ọ̀kan nínú wọn sì gbọ́dọ̀ ti lé ní àádọ́ta ọdún. Évariste wo ẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn wà níbẹ̀. Kò sí. Achille ní kí inú ẹnikẹ́ni má tíì dùn. Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn oṣù náà ni ìdánwò. Ẹni tí kò bá parí eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí wákàtí méjì tó pé, òun kò ní kọ orúkọ rẹ̀, ìbáà ṣe pé àyè kan máa ṣófo.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà Évariste kò jẹun púpọ̀. Ìyàwó rẹ̀, Gisèle, bi í pé kí ló dé. Ó ní kò sí. Nígbà tí ó ń fọ ọwọ́, ó ní, "Wọ́n lè yàn mí."

Wákàtí méjì àti ogójì ìṣẹ́jú ni ó ń lò nígbà náà. Kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fà á. Tré ni.

Ọmọ Tré ni Gisèle. Ìyá rẹ̀, Euphrasie, ṣì ń gbé níbẹ̀, nínú ilé tó kọjú sí igi mángòrò tí wọ́n ti ń yí kẹ̀kẹ́ padà gan-an. Ní Àbámẹ́ta àkọ́kọ́, ìyá àgbà náà rí ọkọ ọmọ rẹ̀ tó ń bọ̀ nínú ṣòkòtò pénpé tí omi ń kán lára rẹ̀, ó sì sáré dìde.

"Ọkọ Gisèle! Ta ló kú?"

"Ẹnikẹ́ni kò kú, Ìyá. Ẹ káàárọ̀. Eré la ń sá."

"Ẹ̀ ń sá fún ta ni?"

"A kò sá fún ẹnikẹ́ni, Ìyá. À ń sáré wá síbí, a ó sì padà."

"Ẹ sáré wá síbí, ẹ kò sì ní jókòó?"

Évariste fi kẹ̀kẹ́ ti igi, ó dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó jókòó, ó mu omi. Ó ròyìn Gisèle, ó ròyìn Diane ọmọ wọn, ó ròyìn aládùúgbò wọn kan tí orókún ń dùn. Nígbà tí ó dìde, iṣu tuntun méjì ti wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, lórí irin tí a ń di ẹrù mọ́.

"Ẹ kúkú ń padà lọ," ni ìyá náà wí.

Ní Àbámẹ́ta kejì, iṣu di mẹ́ta, pẹ̀lú ìgò epo kan tí obìnrin kan fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀. Ní ẹ̀kẹta, àwọn ènìyàn ti dúró de kẹ̀kẹ́ lábẹ́ mángòrò kí aago mẹ́jọ tó lù. Àwọn yòókù nínú ẹgbẹ́ ń yí kẹ̀kẹ́ tiwọn padà, wọ́n ń lọ, ẹnikẹ́ni kò dá wọn dúró, nítorí wọn kì í ṣe àna Tré. Évariste ni àna. Ènìyàn lè kọ iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ bá rán an, ti ìyá ìyàwó kò ṣeé kọ̀. Àwọn ará àdúgbò mọ èyí dáadáa, ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi ń kó ẹrù wọn fún Euphrasie, kí ó lè jẹ́ pé òun ló rán an. Ní ọ̀sẹ̀ kan, adìyẹ wà nínú ẹrù náà. Wọn kò so ó le. Ó bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, Évariste sì lé e wọ inú oko àgbàdo lẹ́ẹ̀mejì. Ó bi Achille bóyá wọ́n lè kà á mọ́ eré ẹsẹ̀. Achille ní kò ṣeé ṣe.

Ọ̀nà ilé náà kò yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó di ẹrù gbọ́dọ̀ kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ létí ọ̀nà, àwọn náà yóò fẹ́ mọ ẹni tó ni ẹrù, àti bóyá àyè ṣì kù lórí kẹ̀kẹ́.

Ràṣídì, tí ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́bàá ọjà Dassa, tí òun náà sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, ló kọ́kọ́ dá ìmọ̀ràn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n bá yín tú irin ẹ̀yìn yìí kúrò."

"Bí o bá tú u, orí ni wọn yóò gbé e rù mí."

"Ẹ kọ ìyàwó yín sílẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì nígbà náà. Ẹ ó tún un fẹ́ ní ọjọ́ Ajé. Ẹ kò ní jẹ́ àna ẹnikẹ́ni ní Àbámẹ́ta."

"Ṣọ́ọ̀ṣì la ti ṣe é, Ràṣídì. Kò ṣeé kọ̀ sílẹ̀."

"Háà," ni Ràṣídì wí, ó sì mi orí fún un tàánútàánú. "Ẹ̀yin náà lẹ kó ara yín sí i."

Gisèle ló rí ọ̀nà àbáyọ. Ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ìdánwò, ó gun alùpùpù lọ sí Tré, ó sì kó gbogbo ẹrù tí àdúgbò náà ní láti fi ránṣẹ́, méje ni, kí ohunkóhun má baà kù fún ọjọ́ kejì. Kí ó tó kúrò, ó pe ìyá rẹ̀ sí kọ̀rọ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un ní nǹkan kan lọ́la. Wọ́n fẹ́ yàn án. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ̀ lófìfo."

Euphrasie rò ó díẹ̀.

"Lófìfo?"

"Lófìfo, Ìyá."

"Ó dára," ni Euphrasie wí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Évariste la adágún já ní ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún. Kò tíì yára tó bẹ́ẹ̀ rí. Màlúù kan ṣoṣo ló wà nínú omi, ó sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọ̀nà Tré gbẹ níwọ̀n. Nígbà tí ó rí mángòrò lọ́ọ̀ọ́kán, ìṣẹ́jú méjìdínláàádọ́ta ló ti lọ. Ó ti ṣírò rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Bí ó bá yí padà láìdúró, yóò parí gbogbo eré nígbà tí ó bá ku ìṣẹ́jú méjì kí wákàtí méjì pé.

Kò sí ìgò lábẹ́ mángòrò, kò sí adìyẹ, kò sí èrò. Euphrasie nìkan ló dúró síbẹ̀, nínú aṣọ tí ó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú báàgì ní ọwọ́ kan àti agboòrùn ní ọwọ́ kejì.

"Ọkọ Gisèle, ẹ káàbọ̀. Ẹ má dọ̀bálẹ̀, mo gbọ́ pé ẹ̀ ń kánjú."

"Ìyá, níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Dassa. Ọ̀la ni Misa ìrántí bàbá Gisèle. Mo ti fẹ́ wá alùpùpù lánàá, Gisèle wá ní kẹ̀kẹ́ yín ń bọ̀ lófìfo."

Évariste wo aago rẹ̀. Ó ya ẹnu láti sọ pé alùpùpù ṣì wà lóríta. Ó rí orúkọ mẹ́rin lọ́kàn rẹ̀, tí wọ́n tò sórí ìwé kan, ó sì rí i bí ẹ̀kẹrin ṣe ń parẹ́. Ohun tí ó ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé:

"Ẹ jókòó dáadáa, Ìyá."

Euphrasie fi ẹ̀gbẹ́ jókòó sórí irin ẹ̀yìn, ó tún ìró rẹ̀ ṣe, ó ní kí wọ́n máa lọ. Àádọ́ta ìṣẹ́jú ti pé. Euphrasie kò sanra, ṣùgbọ́n kì í ṣe adìyẹ.

Wọn kò tíì jìnnà tí àgbẹ̀ kan fi ọkọ́ sílẹ̀, tí ó gbé ọwọ́ sókè.

"Évariste! Ẹ dúró, ẹ bá mi—"

"Kò ní dúró!" ni ohùn kan dáhùn láti ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. "A jí ire. Ìyàwó yín ńkọ́? Ọmọ yẹn ti rìn? Ẹ bá mi kí wọn!"

Kẹ̀kẹ́ ti kọjá kí àgbẹ̀ náà tó rí èsì kankan fọ̀. Níwájú, obìnrin kan dúró sí àárín ọ̀nà pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ tòmátì.

"Gbé e kúrò lọ́nà, ọmọ mi! Ṣé o kò rí i pé àgbà ló wà lẹ́yìn?"

Obìnrin náà gbé e kúrò, ó sì kúnlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lọ. Euphrasie kí gbogbo ẹni tó yẹ kí wọ́n kí, ó gba ìkíni gbogbo ẹni tó kí wọn, ó sì kọ ẹrù mẹ́rin. Láàárín ìkíni méjì ó máa ń yíjú sí ẹni tó ń gbé e.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún yín ń ṣe ọ̀lẹ."

Níbi tí ọ̀nà ti gun òkè, ó bèèrè bóyá kí òun sọ̀ kalẹ̀. Évariste kò ní èémí tí yóò fi dáhùn, ó mi orí.

"Ó dára bẹ́ẹ̀," ni Euphrasie wí. "N kì bá kúkú sọ̀ kalẹ̀."

Lẹ́bàá ìlú, wọ́n kọjá Ràṣídì tó kúnlẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ló já. Ó wo Évariste, ó wo ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn o, Ìyá," ni ó wí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi," ni Euphrasie dáhùn, kẹ̀kẹ́ sì lọ.

Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún ti lọ nígbà tí ó gbé ìyá náà sọ̀ kalẹ̀ lórí pápá tí eré ẹsẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ sáré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì mọ̀ pé Ìyá ti sọ̀ kalẹ̀. Agbára ẹni méjì ni wọ́n fi ń gbé ẹnì kan, wọ́n sì gbé e yí òkè po láìbi í léèrè. Nígbà tí ó dé iwájú Achille, Achille tẹ aago ọwọ́ rẹ̀, ó sì wò ó pẹ́.

"Wákàtí kan, ìṣẹ́jú mọ́kàndínlọ́gọ́ta."

Serge, ọ̀dọ́ olùkọ́ ìṣirò tí ó ti kọ́kọ́ dé ṣáájú gbogbo wọn, na ọwọ́ sókè.

"Purọ́fù, òfin ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gba ìrànlọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Ìyá yìí lé èrò kúrò lọ́nà fún un. Mo gbọ́ ohùn wọn láti ẹ̀yìn òkè."

"Ẹrù ni wọ́n," ni Ràṣídì wí, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹsẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé. "Ta ló gbé ẹrù rí tí ẹrù ràn án lọ́wọ́?"

Achille kò rí ibi tí ìwé òfin rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ nípa ìyá ìyàwó. Ó yíjú sí Euphrasie tó jókòó lórí òkúta.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ràn án lọ́wọ́?"

Évariste tẹ̀ ba, ó fi ọwọ́ lé orókún, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ìrànlọ́wọ́?" ni Euphrasie wí. "Gbogbo kòtò tó wà láàárín Tré àti Dassa ló gbé mi gbà, kò fo ẹyọ kan. Mo sì bú u láti ilé dé ibí. Ṣé ìrànlọ́wọ́ lẹ̀ ń pe ìyẹn ní Dassa?"

Serge ní òun kò ní ìbéèrè mọ́.

Achille ṣí ìwé sórí itan rẹ̀, ó sì kọ orúkọ náà. Évariste dúró tì í, ó ń wo bíírò bí ó ti ń rìn lórí ìwé, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì, títí Achille fi gbé e kúrò. Ìgbà yẹn ni ó tó rọra jókòó sínú koríko.

Euphrasie dìde, ó gbọn ìdí aṣọ rẹ̀, ó gbé báàgì, ó sì lọ dúró ti irin ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Ó ní òun ti ṣe tán, kí wọ́n máa lọ sílé.