Òwú Tó Ń Já Lọ́wọ́ Verlene

Ọdún mọ́kànlélógún gbáko ni Verlene Stuckey fi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí mo bá máa sọ ìtàn rẹ̀, ibẹ̀ ni mo gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ó dùn mí. Gbogbo Ọjọ́rú là ń pàdé ní yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa láti rán aṣọ ìbora alábùlẹ̀. Àwọn yòókù ń fi ọwọ́ rán tiwọn lórí férémù igi, èmi nìkan ni mò ń lo ẹ̀rọ. Bí mo bá ti gbé aṣọ mi dé, Verlene á ní: "Ẹ yọ wáyà aṣọ yẹn kúrò lára iná o, kó má lọ gbé èèyàn." Gbogbo yàrá á bú sẹ́rìn-ín. Ẹnu rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mú ju ẹnu lọ, n ò sì ní purọ́ mọ́ ọn.

Ọdún tó pé ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni àrìnká mú ìka rẹ̀. Oṣù yẹn náà ni dókítà sọ fún Oleta, àbúrò rẹ̀, pé kò dájú pé yóò wà láàyè títí yìnyín ìgbà òtútù yóò fi yọ́. Àwọn méjèèjì ti gé aṣọ iṣẹ́ ìyá wọn sí wẹ́wẹ́, wọ́n ti tò ó pọ̀. Ó ku kí wọ́n rán aṣọ òkè, ẹ̀gbọ̀n òwú àárín àti aṣọ ìsàlẹ̀ mọ́ra. Oleta ní abẹ́ aṣọ yẹn lòun fẹ́ máa sùn sí. Bí wọ́n bá fi ọwọ́ rán an, á gbà tó oṣù mẹ́jọ, kò sì sí oṣù mẹ́jọ nílẹ̀. Verlene lọ ra ẹ̀rọ, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọbẹ̀ ni mo gbé lọ fún un tí mo fi bá a nídìí ẹ̀rọ. Ègé òwú kún ilẹ̀. Kò tíì rán tó àtẹ́lẹwọ́ kan tí òwú á ti já. Ó ti pààrọ̀ abẹ́rẹ́ nígbà méje, ó ti dẹ òwú, ó ti gbọn eruku inú ẹ̀rọ. Ó tilẹ̀ ti gbé òwú sínú fíríìjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kábéèjì, nítorí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná máa ń mú kí òwú gbẹ. Òwú ṣì ń já. Mo ní kó sinmi díẹ̀.

"Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba," ló dá mi lóhùn, ó sì tún ki òwú bọ abẹ́rẹ́.

Inú mi dùn díẹ̀, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Lẹ́yìn náà ni mo fọwọ́ kan òwú rẹ̀, mo rí i pé ó ń yọ̀, ó sì le. Òwú àwọn tó ń fi ọwọ́ rán ni, èyí tí wọ́n fi ìda pa kó má baà lọ́. Ìda yẹn á ṣí sínú ẹ̀rọ, á lẹ̀ mọ́ ibi tó ń fún òwú, òwú á sì já. Èmi kò lè ṣe irú àṣìṣe yẹn láéláé. Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ fi ọwọ́ rán nìkan ló lè ṣe é.

"Ẹ̀gbọ́n, òwú yín ni."

"Òwú tí Dale ọkọ mi ń rà fún mi ní gbogbo Kérésìmesì títí ó fi kú? Kò já mọ́ mi lọ́wọ́ rí."

"Kò já mọ́ yín lọ́wọ́ lóòótọ́. Ẹ̀rọ kì í ṣe ọwọ́."

Mo rò pé á lé mi jáde. Ó wo ìka rẹ̀ tó ti wọ́ títí. "Joleen," ló wí, "lọ mú tìẹ wá."

Mo fi aṣọ tí mo rẹ sínú sípíríìtì nu ìda kúrò lára ẹ̀rọ, mo ki abẹ́rẹ́ tuntun bọ̀ ọ́, mo sì gbé òwú tèmi, tí kò ní ìda, sórí rẹ̀. Ó rán láti etí kan dé èkejì, òwú kò já. Kò dúpẹ́. Ó ní ariwo ẹ̀rọ náà pọ̀ jù. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi rán an, èmi ni mò ń gbé ìwúwo aṣọ náà dání kó má baà fa abẹ́rẹ́. Nígbà tó ku gbígbá etí, ó mú òwú Dale, ó fi ọwọ́ rán an yíká. Á gún abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún, á fọwọ́ sínú omi gbígbóná kí ìka rẹ̀ lè rọ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ n bá a ṣe é. Ó kọ̀.

Nígbà tí a gbé e fún Oleta, ó fọwọ́ pa àárín aṣọ náà, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ṣé ẹ ti yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Lẹ́yìn náà ni ìka rẹ̀ dé etí aṣọ, ó dúró níbẹ̀.

"Ọwọ́ yín rèé, ẹ̀gbọ́n mi."

N ò rí i kí Verlene sunkún rí, àmọ́ ó sunkún lọ́jọ́ yẹn. Oru mẹ́tàdínlógún ni Oleta sùn sábẹ́ aṣọ náà. Wọ́n ní etí aṣọ yẹn ló máa ń dì mú kó tó lè sùn.